Etí kan ṣoṣo ní ìdí ọta: Bí rìfọ́fà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yin ọta ìbọn akirarẹ̀

Ẹni tó bá ń wo sinimá òyìnbó dáadáa yóò ti rí i pé oríṣi ìbọn ìléwọ́ méjì ló gbajúmọ̀ jù lọ láyé. Ọ̀kan ni rìfọ́fà, ìyẹn èyí tó ní àgbá róbótó láàárín, tí ihò márùn-ún tàbí mẹ́fà wà lára rẹ̀, tí àgbá náà sì ń yí bí a bá ti ń fa ìfà rẹ̀. Èkejì ni èyí tí a ó máa pè ní ìbọn akirarẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí. Inú ọwọ́ ìdìmú rẹ̀ ni wọ́n ń ti àpótí ọta bọ̀ láti ìsàlẹ̀, agbára ọta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn ló sì fi ń sọ èèpo òfìfo nù, tó tún fi ń ki òmíràn sẹ́nu fúnra rẹ̀. Ìbọn méjèèjì kì í jẹ oúnjẹ kan náà. Ọta tí wọ́n ṣe fún ọ̀kan kì í sábà bá èkejì mu, ohun tó sì fà á jù lọ kò ju etí tín-ń-rín kan tó wà ní ìdí ọta lọ.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa, ó yẹ kí a kọ́kọ́ tú ọta palẹ̀. Nǹkan mẹ́rin ló para pọ̀ di ọta ìbọn òde òní. Òjé ni orí rẹ̀ tó ń fò lọ. Ẹ̀tù wà nínú rẹ̀. Kápù kékeré wà ní ìdí rẹ̀, èyí tí abẹ́rẹ́ ìbọn ń gún kí ẹ̀tù tó gbaná. Èèpo idẹ ló sì kó gbogbo wọn pọ̀. Ọdẹ ilẹ̀ wa tó bá ń lo ìbọn òyìnbó oníkatiríìjì mọ etí tí à ń sọ yìí dáadáa, nítorí ìdí katiríìjì rẹ̀ fẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ díẹ̀, fífẹ̀ yẹn ni kì í sì í jẹ́ kó jìn wọnú ìbọn. Ọta rìfọ́fà náà rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Iṣẹ́ méjì ni etí náà ń ṣe. Àkọ́kọ́, òun ló ń dá ọta dúró síbi tó yẹ nínú ihò rẹ̀. Bí ọta bá rì wọnú jù, abẹ́rẹ́ kò ní í kàn án dáadáa, ìbọn kò sì ní í dún. Bí àyè tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bá sì pọ̀ jù, èèpo lè ya nígbà tí ẹ̀tù bá gbaná, iná gbígbóná yóò sì tú sẹ́yìn sọ́dọ̀ ẹni tó dì í mú. Iṣẹ́ kejì ni ti kíkó èèpo jáde. Rìfọ́fà tí àgbá rẹ̀ ń ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Colt gbé jáde ní 1889, tí Smith & Wesson sì ṣe tirẹ̀ ní 1896, ní irin kan tó rí bí ìràwọ̀ láàárín àgbá. Bí a bá fi àtẹ́lẹwọ́ ti ọ̀pá rẹ̀, ìràwọ̀ náà yóò gbé etí èèpo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn yóò sì dà sílẹ̀.

Irú etí bẹ́ẹ̀ kò dára fún ìbọn akirarẹ̀. Orí ara wọn ni wọ́n ń to ọta lé nínú àpótí rẹ̀, etí ti òkè lè há sẹ́yìn ti ìsàlẹ̀, ìbọn yóò sì kọṣẹ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gé etí náà kúrò, tí wọ́n sì gbẹ́ kòtò tóóró yí ìdí ọta ká kí èékánná ìbọn lè rí ibi mú. Àwọn ilé iṣẹ́ kan wà o, tí wọ́n ṣe ìbọn akirarẹ̀ tó ń yin ọta elétí. Model 52 tí Smith & Wesson ṣe fún àwọn tó ń díje ń yin ọta .38 Special, Desert Eagle náà sì ń yin .357 Magnum. Ìyẹn jẹ́ ọ̀tọ̀. Èyí tí à ń bá bọ̀ ni òdìkejì rẹ̀: kí ló dé tí èèyàn yóò mú ọta tí kò létí, tí yóò fi sínú ìbọn tí etí ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ dúró lé?

OGUN DÉ, ÌBỌN KÒ TÓ

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun wọn ń bá àwọn ará Moro jà ní erékùṣù Philippines ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ẹjọ́ tí wọ́n ń rò wálé ni pé ọta .38 tó wà nínú rìfọ́fà wọn kì í dá ẹni tó ń sáré bọ̀ dúró. Ní 1904, ọ̀gágun John T. Thompson àti dókítà ológun Louis La Garde ṣe àyẹ̀wò, wọ́n sì fi ẹnu kò sí i pé ọta ìbọn ìléwọ́ ológun kò gbọdọ̀ kéré sí .45, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 11 àti ààbọ̀ ní fífẹ̀. John Browning, àgbà ọ̀jẹ̀ nídìí iṣẹ́ ìbọn, ló ṣe ọta tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí .45 ACP. Kò ní etí. Òjé rẹ̀ wọn nǹkan bíi gíráàmù 15, ó sì ń sáré nǹkan bíi mítà 250 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní oṣù kẹta ọdún 1911, ìjọba Amẹ́ríkà gba ìbọn akirarẹ̀ tí Browning ṣe fún ọta yìí wọlé, wọ́n sì pè é ní M1911.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin ọdún 1917, Amẹ́ríkà wọnú Ogun Àgbáyé Kìíní. Iye ọmọ ogun tí wọ́n fẹ́ kó jọ kò ní àfiwé pẹ̀lú èyí tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀, M1911 tó wà nílẹ̀ kò sì lè kárí wọn. Ìbọn yìí kì í ṣe ohun tí èèyàn lè sọ pé kí ilé iṣẹ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lọ́la. Ẹ̀rọ rẹ̀ àti òṣùwọ̀n rẹ̀ ń gba oṣù púpọ̀ kó tó gún régé. Ṣùgbọ́n Colt àti Smith & Wesson ti ń ṣe rìfọ́fà ńláńlá fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ìgbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù, ọta .455 ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni rìfọ́fà wọ̀nyẹn sì ń yìn. Ẹ̀rọ wà nílẹ̀, òṣìṣẹ́ wà nílẹ̀, ihò àgbá rẹ̀ sì fẹ̀ tó bí ó ti yẹ.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí wọn kò kúkú fi ọta elétí àtijọ́ sínú rìfọ́fà náà kí wọ́n sinmi. Lójú tèmi, ìdáhùn ìbéèrè yìí ni kókó gbogbo ìtàn náà. Ọmọ ogun tó wà nínú kòtò ní ilẹ̀ Faransé kò lè máa yan ọta. Bí àpótí ọta bá dé láti ẹ̀yìn, tí ìdajì àwọn tó wà níbẹ̀ ń lo ọta kan, tí ìdajì yòókù ń lo òmíràn, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò kó èyí tí kò bá ìbọn mu fún àwọn tí ẹ̀mí wọn wà lórí rẹ̀. Ọta kan ṣoṣo ni ìjọba fẹ́ fún gbogbo ìbọn ìléwọ́ rẹ̀, .45 ACP sì ni ọta náà.

IRIN ÀÀBỌ̀ ÒṢÙPÁ

Àwọn oníṣẹ́ ìbọn wá dojú kọ ìṣòro méjì tí a ti sọ lókè. Ti àkọ́kọ́ ni pé ọta aláìlétí yóò jìn wọnú ihò àgbá. Wọ́n yanjú ìyẹn nípa gbígbẹ́ ihò náà ní ìpele méjì, kí apá iwájú rẹ̀ há díẹ̀ ju ti ẹ̀yìn lọ. Ẹnu èèpo ọta, níbi tí idẹ parí sí lára òjé, yóò wá gúnlẹ̀ sórí ìpele náà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọta .45 ACP ṣe ń dúró nínú M1911 fúnra rẹ̀. Smith & Wesson gbẹ́ tiwọn bẹ́ẹ̀. Colt kò ṣe é nínú àwọn tó kọ́kọ́ jáde lọ́wọ́ wọn. Gbọnrangandan ni wọ́n gbẹ́ ihò náà láti ẹ̀yìn dé iwájú, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n tó fi ìpele sí i. Àwọn tó ń kó ìbọn àtijọ́ jọ lónìí ṣì máa ń yẹ ihò àgbá Colt ọdún 1917 wò kí wọ́n tó fi ọta kankan sí i.

Ìṣòro kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ọta tilẹ̀ dúró dáadáa tó sì yìn, ìràwọ̀ àárín àgbá kò rí etí kankan gbé. Yóò kàn gba ẹ̀gbẹ́ èèpo kọjá ni, èèpo yóò sì jókòó síbẹ̀. Ọmọ ogun yóò wá máa fi igi tàbí pẹ́ńsù tì wọ́n jáde láti iwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ọ̀tá kò sí nínú àwọn tó ń dúró de ẹnikẹ́ni.

Smith & Wesson ló rí ọgbọ́n dá sí i. Wọ́n gé irin pẹlẹbẹ kan bí ààbọ̀ òṣùpá, wọ́n sì gbẹ́ ojú mẹ́ta sí etí rẹ̀. Kòtò tó yí ìdí ọta ká ni wọ́n ń tẹ̀ bọ ojú irin yìí, yóò sì dì í mú ṣinṣin. Ọta mẹ́ta wà lára irin kan, irin méjì ló kún àgbá oníhò mẹ́fà. Irin náà ló wá di etí tí ọta náà kò ní: òun ló ń gbé ọta dúró sẹ́nu ihò, kódà nínú Colt tí kò ní ìpele, òun náà sì ni ìràwọ̀ ń gbé nígbà tí a bá fẹ́ kó èèpo dànù. Ìjọba bẹ Smith & Wesson pé kí wọ́n jẹ́ kí Colt lo ọgbọ́n yìí láìgba kọ́bọ̀, wọ́n sì gbà. Orúkọ kan náà, M1917, ni wọ́n fún ìbọn ilé iṣẹ́ méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yà ara ti ọ̀kan kò bá ti èkejì mu.

Àǹfààní kan wà nínú irin náà tó ju ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é lọ. Kí ó tó dé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ológun ń ti ọta bọnú rìfọ́fà, ìka tó ń gbọ̀n lójú ogun sì lè jẹ́ kí mélòó kan bọ́ sílẹ̀. Ní báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni yóò na ọwọ́, ìbọn ti kún. Bó bá sì fẹ́ tú u, èèpo kò ní í dà káàkiri, nítorí mẹ́tamẹ́ta ni wọ́n so mọ́ra.

Nígbà tí ogun fi parí ní oṣù kọkànlá ọdún 1918, M1917 tí ilé iṣẹ́ méjèèjì ti ṣe ju 300,000 lọ. Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan lọ geere o. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ìjọba gba ilé iṣẹ́ Smith & Wesson tó wà ní Springfield lọ́wọ́ àwọn tó ni ín nítorí aáwọ̀ lórí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ìjọba ló sì ń darí rẹ̀ títí ogun fi tán. Ọ̀pọ̀ nínú ìbọn wọ̀nyí ló tún padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, pàápàá lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá ológun àtàwọn tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ojú ogun.

ETÍ PADÀ DÉ

Lẹ́yìn ogun, ọ̀pọ̀ M1917 bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará ìlú ní Amẹ́ríkà. Wọn kò fẹ́ràn irin ààbọ̀ òṣùpá tó bẹ́ẹ̀. Ó máa ń sọnù, títẹ ọta bọ inú rẹ̀ ń fa èékánná ya, yíyọ èèpo kúrò lára rẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1920, ilé iṣẹ́ ọta Peters gbé ọta kan jáde tí wọ́n pè ní .45 Auto Rim. Ọta .45 ACP náà ni, wọ́n kàn dá etí padà sí i. Ohun tó dùn mọ́ni níbẹ̀ ni pé etí náà nípọn gan-an, ó ju mìlímítà 2 lọ, nítorí ó ní láti dí àyè tí wọ́n ti fi sílẹ̀ lẹ́yìn àgbá fún irin ààbọ̀ òṣùpá. Bẹ́ẹ̀ ni ọta tí wọ́n gé etí rẹ̀ kí ó lè wọ ìbọn akirarẹ̀ tún ṣe padà ní etí kí ó lè wọ rìfọ́fà tí wọ́n ṣe nítorí pé kò ní etí.

Ilẹ̀ Bùràsíìlì náà wà nínú ìtàn yìí. Ní ìparí àwọn ọdún 1930, ìjọba orílẹ̀-èdè náà ra M1917 tó tó 25,000 lọ́wọ́ Smith & Wesson fún àwọn ọmọ ogun wọn, wọ́n sì tẹ òǹtẹ̀ àmì orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ni àwọn oníṣòwò Amẹ́ríkà tún rà padà lẹ́yìn nǹkan bí àádọ́ta ọdún, ẹni tó bá sì rí òǹtẹ̀ náà lára M1917 ti mọ ibi tó ti lo ìgbà èwe rẹ̀.

Ibì kan wà tí ọgbọ́n yìí ti di ewu, ó sì yẹ kí a dúró níbẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn rìfọ́fà Webley tí àwọn ọ̀gá ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì máa ń gbé pọ̀ lọ́jà Amẹ́ríkà ní owó pọ́ọ́kú, àmọ́ ọta .455 tó ń jẹ kò pọ̀ níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò wá ń fá ẹ̀yìn àgbá rẹ̀ díẹ̀ kí .45 ACP pẹ̀lú irin rẹ̀ lè gba ibẹ̀. Ó wọlé lóòótọ́, ó sì ń yìn. Ṣùgbọ́n agbára tí .45 ACP ń fi ti inú àgbá ju èyí tí wọ́n ṣe Webley láti gbà lọ fíìfíì, ó tilẹ̀ ju ti ọta àdánwò tí wọ́n fi yẹ ìbọn náà wò nígbà tó jáde ní ilé iṣẹ́. Àwọn kan ti yin tiwọn fún ọdún púpọ̀ láìrí nǹkan kan, ti àwọn mìíràn ti fọ́ yángá mọ́ wọn lọ́wọ́. Pé ọta wọ ihò kì í ṣe ẹ̀rí pé ìbọn lè gbà á. Èyí ló yẹ kí àwọn alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ìbọn ní ìkọ̀kọ̀ lágbègbè wa fi sọ́kàn, yàtọ̀ sí ti òfin ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà, tó fi rìfọ́fà àti gbogbo ìbọn ìléwọ́ sínú àwọn èyí tó kà léèwọ̀ fún ará ìlú.

ODINDI ÒṢÙPÁ

Nígbà tó yá, wọ́n so ààbọ̀ òṣùpá méjì pọ̀ di odindi. Irin róbótó kan ṣoṣo ló wá ń di ọta mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mú, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tó yá ju ìyẹn lọ láti ki rìfọ́fà. Èèyàn yóò ṣí àgbá, yóò ti èèpo dànù, yóò ju òmíràn sí i, ó parí. Ọta .45 ACP kúrú, orí òjé rẹ̀ sì rí róbótó, nítorí náà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń yọ́ wọ ihò wọn bí ìgbà tí ọwọ́ bá wọ ìbọ̀wọ́. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, Smith & Wesson gbé Model 625 jáde, tó jẹ́ irin tí kì í dípẹtà, fún irú ọta yìí. Òun ni Jerry Miculek, ọ̀gá nínú ìdíje rìfọ́fà, lò ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án ọdún 1999, nígbà tó yin ọta mẹ́fà, tó tú ìbọn, tó tún un kì, tó sì yin mẹ́fà mìíràn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2.99. Ẹni tó bá rò pé rìfọ́fà lọ́ra, kí ó ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lórí aago ògiri rẹ̀.

Irin náà ní àrùn tirẹ̀. Bí ó bá tẹ̀ díẹ̀ péré, bóyá nínú àpò ṣòkòtò, ọta kò ní í dúró dọ́gba mọ́, ìdí wọn yóò máa ha ara ìbọn lẹ́yìn, àgbá kò sì ní í yí. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń díje fi máa ń gbé irin kọ̀ọ̀kan sínú àgbá òfìfo, tí wọn yóò yí i wò kí ọjọ́ ìdíje tó dé.

Nítorí àrùn yìí ni àwọn kan ṣe wá ọ̀nà tí rìfọ́fà yóò fi yin ọta aláìlétí láìlo irin rárá. Ọta mìlímítà 9 tí Georg Luger ará Austria ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni ọ̀pọ̀ wọn dojú kọ, nítorí pé òun ló pọ̀ jù, tó sì wọ́n níwọ̀n. Model 547 tí Smith & Wesson ṣe láàárín 1980 sí 1985 ló yà mí lẹ́nu jù nínú wọn. Dípò ìràwọ̀ lásán, wọ́n fi àwọn ìka irin kéékèèké sí i, ọ̀kan fún ihò kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń nà wọnú kòtò ìdí ọta láti gbá a mú. Wọ́n tún fi ọ̀pá kékeré kejì sí ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ kí èèpo má baà ta sẹ́yìn dí àgbá lọ́wọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ó ṣòro ṣe, nǹkan bí 10,000 péré ni wọ́n sì ṣe kí wọ́n tó pa á tì. Ilé iṣẹ́ Charter Arms tún gbé irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́yìn ọdún 2010 nínú rìfọ́fà wọn tó ń jẹ́ Pitbull, pẹ̀lú irin kéékèèké onísípíríìnì. Ruger ní tirẹ̀ padà sí odindi òṣùpá nígbà tó ṣe rìfọ́fà pẹ́pẹ́fúúrú LCR fún ọta mìlímítà 9 ní 2014.

Irú ìbọn fúyẹ́fúyẹ́ yìí ló fi ìṣòro kan hàn tí irin òṣùpá kò lè wò sàn. Bí ìbọn bá ti fúyẹ́ tó ni yóò ṣe ta sẹ́yìn tó nígbà tó bá dún. Àwọn ọta tí kò tíì yìn wà nínú àgbá, wọ́n ń bá ìbọn ta sẹ́yìn, ṣùgbọ́n òjé wúwo, ó fẹ́ dúró síbi tó wà. Nínú ọta rìfọ́fà, wọ́n máa ń ká ẹnu èèpo mọ́ òjé pinpin kí ó má baà yọ. Wọn kò lè ká ti ọta akirarẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹnu èèpo náà ni ó ń gúnlẹ̀ lé nínú ìbọn tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Nígbà tí ẹni tó ń yìn ín bá fi dórí ìkẹrin tàbí ìkarùn-ún, òjé ọta tó kù lè ti yọ síwájú kọjá ẹnu àgbá, yóò wá gbún ara ìbọn, àgbá kò sì ní í yí mọ́ bí ó ti wù kí a fa ìfà tó. Ẹni tó ra rìfọ́fà nítorí pé kì í kọṣẹ́ yóò wá rí i pé tirẹ̀ ti há gbagidi, kò sì ní í tú títí yóò fi fi ipá ti òjé náà padà. Kì í ṣe gbogbo ọta mìlímítà 9 ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tí òjé wọn fúyẹ́ tí ẹnu èèpo wọn sì fún dáadáa kì í sábà yọ, nítorí náà ni àwọn tó mọ iṣẹ́ ṣe ń yin mẹ́rin nínú irú ọta tí wọ́n fẹ́ máa lò, tí wọ́n á wá yọ ìkarùn-ún jáde, tí wọ́n á sì fi irin òṣùwọ̀n wọn ọ́n wò bóyá ó ti gùn sí i.